Ọ̀rọ̀ Tí Màmá Òkè Fi Ń Pe Ọmọ Mi

Òjòwú ni mí. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ fi ara mi hàn bí ènìyàn rere nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn obìnrin kan máa ń jowú nítorí ọkọ, àwọn mìíràn a máa jowú nítorí ilé tàbí mọ́tò ẹlòmíràn. Ní tèmi, obìnrin arúgbó kan ni mo ń jowú. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, kò bímọ, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ń bá mi tọ́jú ọmọ mi. Dáadáa ló ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

South Shore la ń gbé nígbà náà, ní Chicago, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníbíríkì ni, kò jìnnà sí adágún. Àwa wà nísàlẹ̀, arúgbó náà wà lókè wa, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Màmá Òkè. Àwọn aláwọ̀ funfun tó wà ní òpópónà náà ti kó lọ tipẹ́, òun nìkan ló jókòó. Ó ní òun ti kó kúrò nílùú kan rí nígbà tóun wà lọ́mọdé, ó ti tó. Ará Àméníà ni. N kò mọ ibi tí ó wà lórí máàpù, n kò sì bèèrè. Òun náà kò bi mí nípa Ìbàdàn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Aago méje òwúrọ̀ ni iṣẹ́ mi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù, nígbà mìíràn wọ́n á tún bẹ̀ mí kí n dúró di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi ń wọ ọkọ̀ ojúurin lọ sí ọ́fíìsì láàárín ìgboro, láti ibẹ̀ ló sì ń gba yunifásítì lọ. Ọmọ kan ṣoṣo la ní, obìnrin, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ń sún mọ́ mẹ́rin. Láàárọ̀, màá wé e sínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, màá gbé e gun àtẹ̀gùn. Kí n tó kan ilẹ̀kùn, Màmá Òkè á ti ṣí i. Aṣọ dúdú ló máa ń wọ̀, bọ́tà àti àlùbọ́sà díndín á sì máa ta sánsán lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ mi á na ọwọ́ sí i kí n tó gbé e fún un.

Ẹ rí ìnawọ́ yẹn? Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan oúnjẹ. Ọmọ tó ń jẹ ẹ̀bà dáadáa, tó ń lá ọwọ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè wàrà kíkan tí wọ́n fi omi àti iyọ̀ lú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọkà wíìtì tí wọ́n sè bí ìrẹsì. Mo ní kò sí irú rẹ̀ nílé wa. Ó ní, "Mama Oke has it," ó sì ti abọ́ ẹ̀bà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rọra tì í ni, bí àgbàlagbà tí kò fẹ́ dójú ti ẹni tó gbé oúnjẹ fún un. Mo jẹ ẹ̀bà náà fúnra mi.

Ó ku irun rẹ̀. Tèmi nìyẹn, Màmá Òkè kò mọ̀ ọ́n dì. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ọmọ mi á jókòó sáàárín orúnkún mi, màá fi òróró pa orí rẹ̀, màá yà á, màá dì í. Wákàtí méjì gbáko tó jẹ́ pé kò sí ibi tó lè sá lọ. Mo fẹ́ràn wákàtí méjì yẹn ju oorun lọ. Àfi lọ́jọ́ kan tó kígbe pé mo fa òun lórí, tó wá ní, "Mama Oke doesn't pull." Mo ní, ìyáàfin, Màmá Òkè kì í di irun, kí ni yóò fà? Mo fi kọ́ọ̀mù náà sílẹ̀, ìka ni mo fi ya èyí tó kù.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Aláìsàn kò pọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí n tètè máa lọ. Mo gun àtẹ̀gùn, mo ti gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, mo wá gbọ́ ohùn Màmá Òkè nínú ilé.

"Yavrum."

Ọmọ mi sì dáhùn. Kò ní "What?" bó ṣe máa ń dá mi lóhùn. "Hm" lásán ni, ohùn kékeré, ohùn ọmọ tó ti mọ̀ pé ohun tó dára ni wọ́n fẹ́ bá òun sọ. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó, ó ń sáré lọ. Mo dúró síbẹ̀ bí olè. Ìgbà mẹ́fà ni Màmá Òkè pè é kí n tó kan ilẹ̀kùn, ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dáhùn.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, mo dán an wò. Mo pe orúkọ tí bàbá mi fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti ilé nígbà tí a bí i. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta ó ní, "What?" kò sì gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, nítorí pé ọmọ Yorùbá nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe. Ní tiwa, kì í ṣe ẹni tó bá kàn wù ló ń sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá àgbà a sọ tirẹ̀, ìyá àgbà a sọ tirẹ̀, àwọn ẹbí ìyá ọmọ a mú tiwọn wá, olúkúlùkù a sì ju nǹkan sínú àwo kó tó la ẹnu. Ẹni tó bá ti sọ ọmọ lórúkọ ti ní ìpín nínú ọmọ náà nìyẹn, títí dé ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ tí a ṣe ní pálọ̀ wa, tí àáfà wá ṣe àdúrà sí, Màmá Òkè wà nínú ilé rẹ̀ lókè. Kò sí ẹni tó pè é, kò ju nǹkan kan sínú àwo. Ìgbà wo ló wá di ẹni tó ń sọ ọmọ mi lórúkọ? Ta ló fún un láṣẹ? Mo bi ara mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọkọ mi.

"Ẹ gbọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé màmá yẹn ti fún ọmọ yín ní name tuntun?"

Ó ń tú táì ọrùn rẹ̀. "Name kẹ̀? Kí ló ń pè é?"

"Yafurúmù." Bí ẹnu mi ṣe lè pè é nìyẹn.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "It's just a pet name jàre. Ṣé o fẹ́ bá babysitter jà ni? Who will watch her tó o bá wà lórí shift?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Tí ọmọ bá gbàgbé orúkọ tí bàbá mi sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ máa kọ lẹ́tà ìyẹn sílé o."

"Ò ń jowú ni," ó ní.

Mo ní n kò jowú. Mo bọ́ sí ilé ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn abọ́ tó ti mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà Màmá Òkè, mo gbé ọmọ dání, n kò tíì gbé e fún un. Òyìnbó díẹ̀díẹ̀ ni àwa méjèèjì jọ máa ń sọ, tèmi lóhùn Ìbàdàn, tirẹ̀ lóhùn ibi tó ti wá. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ní orúkọ. Bàbá mi ló sọ ọ́. Orúkọ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ máa pè é."

Ó wo ojú mi. Kò bínú, kò sì bi mí pé kí ló dé.

"Ó dáa," ó ní. "Ìwọ ni ìyá rẹ̀."

Inú mi dùn títí mo fi dé ibi iṣẹ́. Mo ṣe bí ẹni tó jagun tó ṣẹ́gun, mo tilẹ̀ ń kọrin jẹ́jẹ́ bí mo ṣe ń pín oògùn.

Ó gbìyànjú láti pè é, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ahọ́n rẹ̀ kò gba orúkọ wa, ó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ọmọ mi kò sì mọ̀ pé òun ló ń pè. Nígbà tó fi di ọjọ́rú, ó ti dákẹ́. Tó bá fẹ́ kí ọmọ wá, á fọwọ́ kàn án léjìká. Tó bá fẹ́ kó jẹun, á nawọ́ sí àga. Bí mo bá lọ mú un lọ́sàn-án, n kò gbọ́ ohùn kankan nínú ilé náà, àfi ti rédíò. Láàárọ̀, ọmọ tó ń nawọ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú pamọ́ sí ọrùn mi. Mo rò pé oògùn mi ń ṣiṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, bí mo ṣe ń bọ́ bàtà rẹ̀, ó bi mí pé, "Mummy, is Mama Oke mad at me?"

"Rárá o. Kí ló dé?"

"She doesn't say it anymore."

N kò bi í pé kí ni kò sọ mọ́. Mo mọ̀. Mo gbé bàtà náà sábẹ́ àga, mo lọ gbé omi kaná. Ẹni tó bá ní láákàyè ìbá dúró níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀mí owú kò jẹ́ kí n dúró. Mo ṣì fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, kí n lè mọ irú orúkọ tí mo gbà kúrò lára ọmọ mi.

Ọkùnrin ará Tọ́kì kan wà ní ọsibítù wa tó máa ń wá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn lọ fún àyẹ̀wò. Ó rin ìrìn àjò púpọ̀, ó gbọ́ èdè púpọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì mo bi í bóyá ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, "Yafurúmù."

Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tún un sọ. Ó wá bá mi tún un pè. "Níbo lo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi?" ló bi mí.

Ó ní èdè Tọ́kì ni. *Yavru* ni ọmọ kékeré ohunkóhun tó ń mí, ọmọ ẹyẹ, ọmọ ológbò, ọmọ àgùntàn, ọmọ ènìyàn náà. Tí ènìyàn bá fi *m* sí ìdí rẹ̀, ó ti di tirẹ̀ nìyẹn: ọmọ kékeré mi. Ó ní ìyá lè fi pe ọmọ tó ti ń hu irùngbọ̀n. Ó ní ìyá òun ṣì máa ń fi pe òun lórí tẹlifóònù. Ó ní àwọn ọkùnrin aláìnítìjú náà máa ń fi pe ọmọge lójú títì. Mo ní èyí tí mo gbọ́ kì í ṣe lójú títì, lẹ́nu arúgbó ará Àméníà kan ni.

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró lójú rẹ̀. Ó to àwọn ìgò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún wọn tò. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, "àwọn àgbà wọn tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ máa ń lò ó nínú èdè ilé wọn." Ó ti kẹ̀kẹ́ ìgò rẹ̀ lọ, kò kí mi pé ó dàbọ̀.

Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà, àmọ́ n kò kà á sí. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìkan ni mo mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Màmá Òkè! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lò ló fi ń pe ọmọ mi! Èmi tí mò ń ṣe àdúrà láàárọ̀, tí mò ń bèèrè àlàáfíà ará ilé, tí mò ń gé àlùbọ́sà sínú ọbẹ̀, n kò bi ara mi léèrè rí pé ìlú wo ni ọ̀rọ̀ bí àdúrà, àlàáfíà àti àlùbọ́sà gbà kọjá kó tó dé Ìbàdàn. Bàbá mi kọ́ kéú, ó máa ń kà wọ́n fún wa lọ́mọdé, pé eléyìí ti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá wá, eléyìí gba ọwọ́ Gàm̀bàrí kọjá. Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ lórí mi.

Bí mo ṣe dé láti ibi iṣẹ́, n kò bọ́ kóòtù. Òkè ni mo gbà lọ tààrà. Ọmọ mi ń sùn lórí àga gígùn, wọ́n fi ṣáálì bò ó. Màmá Òkè jókòó sídìí tábìlì, ó da ọkà wíìtì sórí àwo ńlá, ó ń ṣa òkúta inú rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, mo ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í ṣe tiyín. Ti Tọ́kì ni. Ará Tọ́kì gan-an ló sọ fún mi." Ẹ̀rín wà lẹ́nu mi nígbà tí mo sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n purọ́.

Kò gbé ojú sókè. "Mo mọ̀," ó ní.

"Ẹ mọ̀?"

"Nílùú wa, gbogbo wa là ń sọ ọ́, àwa àti àwọn ará Tọ́kì. Ọ̀dọ́-àgùntàn tó bá sọ ìyá rẹ̀ nù, bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Ọmọ tó bá ṣubú. Ọmọkùnrin tó ń lọ sí ìrìn àjò. A ní tiwa, mo mọ tiwa, ó wà nínú ìwé. Èyí ni ti inú ilé."

Ó fi ìka ti òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, mo fẹ́ lọ gbé ọmọ mi. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá.

Ó ní ọmọ ọdún márùn-ún ni òun nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò nílùú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn, àwọn sójà Tọ́kì ń dà wọ́n lọ. Àbúrò rẹ̀ ti kú ní ẹ̀yìn ìyá wọn tó pọ̀n ọ́n. Wọ́n dé ibi kànga kan, obìnrin kan ń fa omi níbẹ̀, ará Tọ́kì ni. Ìyá rẹ̀ wo òun, ó wo ọ̀nà tó kù, ó sì mọ̀ pé òun kò ní dé ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ. Ló bá fà á lé obìnrin náà lọ́wọ́.

"Mo di aṣọ ìyá mi mú," Màmá Òkè ní. "Mo ń ké. Obìnrin yẹn ń pe orúkọ mi, ìyá mi ti sọ ọ́ fún un, àmọ́ n kò yíjú sí i. Àwọn sójà ti ń bọ̀. Ìyá mi wá sọ fún un pé, pè é ní *yavrum*. Ohun tí èmi ń pè é nìyẹn, ó máa dá ọ lóhùn. Obìnrin náà pè é." Ó ṣa òkúta mìíràn. "Mo yíjú sí i. Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, wọ́n ti lọ."

Mo dúró pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Mo bi í ní ìbéèrè tí kò yẹ kí n bi í, pé ṣé ó rántí ojú ìyá rẹ̀.

"Rárá. Ojú obìnrin kejì ni mo rántí. Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí àwọn ènìyàn wa tó wá mú mi. Ó ṣe mí dáadáa." Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ lórí àwo. "Ó pẹ́ tí mo fi ń bínú sí ìyá mi. Kì í ṣe nítorí pé ó fi mí sílẹ̀. Nítorí pé ó fún un ní ọ̀rọ̀ yẹn ni. Kò kúkú sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́."

Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́. Mo gbé ọmọ mi tòun ti ṣáálì, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ máa rò pé mo sunkún, pé ọkàn mi yí padà lójú ẹsẹ̀. N kò sunkún. Inú ló kọ́kọ́ bí mi, nítorí pé kò sí ohun tí ènìyàn lè fi fèsì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé mo ti ń jowú ẹlòmíràn, ìyá kan tó ti kú sójú ọ̀nà ní ìlú tí n kò mọ̀. Mo ń di irun ọmọ mi lọ́sàn-án Sátidé, mò ń bi ara mi bóyá èmi lè ṣe é, bóyá mo lè sọ fún obìnrin mìíràn pé báyìí ni kí o ṣe pè é tí yóò fi tẹ̀ lé ọ. Mo mọ ìdáhùn náà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, láìsí sójà, láìsí ogun, mo ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu obìnrin mìíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé a gun àtẹ̀gùn. N kò gbé ọmọ mi lọ́jọ́ náà, mo jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ó sá sẹ́yìn mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di yúnífọ́ọ̀mù mi mú. Màmá Òkè tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì pe orúkọ rẹ̀, orúkọ tí bàbá mi sọ ọ́. Ó pè é dáadáa. Ó hàn pé ó ti ń fi kọ́ra ní gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọmọ mi kò kúrò lẹ́yìn mi.

Mo ní, "Màmá, ẹ pè é bí ẹ ṣe máa ń pè é."

Ó mi orí. "Ìwọ ni ìyá rẹ̀."

Ọkọ̀ ojúurin kò ní dúró dè mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ojú ọmọ mi, mo fi ẹnu ara mi pè é. "Yafurúmù."

Ó ranjú mọ́ mi. "That's not how you say it, Mummy."

"Mo mọ̀," mo ní. Mo gbójú sókè sí Màmá Òkè. "Ẹ wò ó, èmi kò mọ̀ ọ́n pè. Ẹ jọ̀ọ́."

Màmá Òkè yí padà, ó wọlé. Lẹ́yìn náà ó pè é, jẹ́jẹ́, láti inú ilé.

"Hm," ni ọmọ mi wí. Ó fi yúnífọ́ọ̀mù mi sílẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wọlé. Kò wẹ̀yìn wò. Mo jowú débi pé mo ní láti di irin àtẹ̀gùn mú. Mo fi ọwọ́ na ibi tó ti rún lára aṣọ mi, mo sì sáré lọ bá ọkọ̀.